Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Ń Wá Èsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí obìnrin lè kó sọdá òkun, èdè abínibí rẹ̀ ni kò wúwo rárá. Òun náà ni ó sì máa ń tètè bọ́ sọnù.

Ẹ wo ìyá kan ní London tí ó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù. Ó gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Ọmọ náà sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, ó sì dá a padà. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kò gbọ́ Yorùbá. Aya ilé wá di ògbufọ̀ láàrin ẹbí kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojoojúmọ́ ni ìyá yìí ń gbọ́ rédíò Yorùbá lórí fóònù bí ó ti ń dáná. Etí tirẹ̀ nìkan ni ó há a mọ́.

Ní ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion, tí a ń fi wáyà fà wọ ilé, kọ́kọ́ dé Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àwọn baba wa sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lónìí, a ti ń gbọ́ rédíò láìsí wáyà, láti inú fóònù ọwọ́ wa; ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí padà.

Ọ̀nà àtigbọ́ ọ kò le. Áàpù bíi TuneIn àti Radio Garden kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò jọ sí ojú kan. Ẹ wá orúkọ àwọn tí ń sọ Yorùbá, bíi Amúlùdùn FM ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn, tàbí Bond FM ti Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rí i pé áàpù kọ̀ láti gbé ilé-iṣẹ́ òkèèrè jáde, nítorí òfin ẹ̀tọ́ àwọn olórin. Radio Garden ti ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò bóyá ilé-iṣẹ́ rédíò náà ní áàpù tirẹ̀. Ní ti owó dátà, bí ohùn bá ń wọlé ní ìwọ̀n 64 kbps, wákàtí kan yóò jẹ nǹkan bí 29 MB. Bí ó bá jẹ́ 128 kbps, yóò di ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì gbàgbé agogo. Nígbà òtútù, agogo 6 òwúrọ̀ ní Ìbàdàn jẹ́ agogo 5 ní London, ó sì jẹ́ agogo 12 òru ní New York.

Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ mi rèé: kí rédíò máa dún láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò kọ́ ọmọ ní èdè. Ìṣẹ́jú 15 tí ìyá àti ọmọ jọ jókòó tì í sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi sí etí, kí ohùn náà gba inú ilé. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà ní òpópónà, ẹ pa rédíò, kí ẹ bi ọmọ pé, “Kí ni wọ́n wí?” Ẹ to ṣíbí sílẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò rọ́nà lọ, kí òun náà pe ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ má bínú, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́ ti tó. Tí ọjọ́ ìpè bá dé, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá àgbà.

Asọ̀rọ̀mágbèsì kò lè gba èsì lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á. Ó di oṣù tí ń bọ̀.