Adìẹ díndín, bíà àti àwọn ọlọ́jà òru ní Kòríà: ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè?

Lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹ̀wàá, 2025, àwọn olówó ńlá mẹ́ta jókòó sí ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín kan ní Gangnam, nílùú Seoul. Jensen Huang, ọ̀gá àgbà Nvidia, ni ọ̀kan. Lee Jae-yong, alága Samsung, àti Chung Eui-sun, alága Hyundai, ni méjì yòókù. Wọ́n po soju mọ́ bíà, wọ́n fi apá kọ́ apá mu ún, Huang sì gbé adìẹ jáde lọ fún àwọn èrò tó ń ya fọ́tò níta. Lọ́jọ́ kejì, Nvidia kéde pé chip tó lé ní 260,000 ló ń bọ̀ ní Kòríà. Kkanbu lorúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Squid Game á mọ̀ pé ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò yẹn káyé. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni pé òwò tí wọ́n lọ jókòó sí yẹn ò rọgbọ mọ́. Ní 2024, àwọn okòwò tó fi tó iléeṣẹ́ owó orí Kòríà létí pé àwọn ti kógbá wọlé lé ní mílíọ̀nù kan, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kà á ní 1995. Kì í ṣe ọlọ́tí nìkan ló wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta oúnjẹ pọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ará Kòríà kì í mu ọtí lásán. Ohun tí wọ́n bá fi ń mu ún, anju ni wọ́n ń pè é, ọtí kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Bíà ló ni adìẹ díndín, ìyẹn chimaek. Soju ló ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan àti ẹsẹ̀ adìẹ tó ta bí iná. Makgeolli, ọtí ìrẹsì tó funfun bí ẹmu, pajeon ni wọ́n fi ń mu ún, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi àlùbọ́sà eléwé dín, pàápàá tójò bá ń rọ̀. Bí wọ́n bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n á tún lọ sí ìkejì, nígbà míì ìkẹta, títí wọ́n á fi dé abẹ́ àgọ́ onítapólì tí wọ́n ń pè ní pojangmacha lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹnì kan kì í bu ọtí fún ara rẹ̀, ẹnìkejì ló ń bu ún fún un. Bí àgbà bá bu ún fún ọmọdé, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi gbà á, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mu ún. Ìyẹn ò lè ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé pé a kì í nawọ́ òsì sí àgbà.

Ẹni tó bá ń wo fíìmù wọn á rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé nìyẹn. Rárá o. Láti 1945 títí di oṣù Kìíní 1982, kónílé-ó-gbélé ni lóru. Soju gan-an ti yàtọ̀: ti Jinro tó jáde ní 1924 jẹ́ ìdá 35 nínú 100, ní 1973 ó ti wálẹ̀ sí 25, Chamisul Fresh tí wọ́n ń tà láti 2024 kò ju 16 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé tábìlì òru yẹn kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ nìkan. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń pe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Hoesik ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oúnjẹ alẹ́ ibiṣẹ́. Ká sọ òótọ́, ipá ló wà níbẹ̀: o ò gbọdọ̀ lọlé kí ọ̀gá tó lọ, bó bá sì bu ọtí fún ọ, o máa mu ún. Ní 2007, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Seoul ní kí ọ̀gá kan san mílíọ̀nù 30 won fún òṣìṣẹ́bìnrin kan tó fipá fún lọ́tí. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé léra wọn. Ní 2016, wọ́n ní oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni bá máa rà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ tàbí oníròyìn kò gbọdọ̀ ju 30,000 won lọ (bí wọ́n bá gbé irú òfin yẹn wá síbí, ẹ máa gbọ́ igbe láàárín àwa oníròyìn). Ní 2018, wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kù láti 68 sí 52, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, òfin tó ka ìfìyàjẹni níbiṣẹ́ léèwọ̀ dé. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún mú òfin ọtí fún awakọ̀ le sí i.

Kòrónà ló wá parí iṣẹ́ náà. Ìgbà kan wà tí èèyàn márùn-ún ò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nílé oúnjẹ, tí ṣọ́ọ̀bù á sì tilẹ̀kùn ní agogo 9 alẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi mú òfin yẹn kúrò lóṣù Kẹrin 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ adùn kéèyàn tètè délé.

Níbi tí ọlọ́jà ti ń retí àríyá ìparí ọdún 2024, Ààrẹ Yoon Suk Yeol kéde òfin ológun lálẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá. Kò tó ilẹ̀ mọ́ tó fi fagi lé e, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti wọ́gi lé tábìlì tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin dìbò yọ ọ́ nípò lọ́jọ́ 14 oṣù náà, Woo Won-shik tó jẹ́ olórí ilé rọ aráàlú pé kí wọ́n padà ṣe àríyá tí wọ́n wọ́gi lé, torí àwọn ọlọ́jà kékeré ń jìyà. Ẹ wò ó, olórí aṣòfin ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí èèyàn jáde lọ jẹun lálẹ́! Ní oṣù Keje 2025, ìjọba tuntun ti Lee Jae-myung fún aráàlú ní owó ìnájà, 150,000 won ó kéré tán, tí wọn ò lè ná ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó ní láti tán kí oṣù Kọkànlá tó parí.

Mi ò bá ẹni tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi ṣe. Lóòótọ́, ọ́fíìsì tí kò pe hoesik mọ́ dín owó ọlọ́tí kù. Ṣùgbọ́n ọjà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fipá mú ló ń gbé e ró, ta ló fẹ́ kó padà? Àwọn ọ̀dọ́ Kòríà ò kọ ọ̀rẹ́, wọn ò sì kọ adìẹ. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ọ̀gá máa bu ọtí fún wọn lágogo 11 òru.

Ibòmíràn ni ká wò. Ní 2019, KB, iléeṣẹ́ báńkì wọn kan, ka nǹkan bíi 87,000 ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 52 lọ. Kí ló dé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ ní 1997, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń fi owó ìfẹ̀yìntì ṣí i. Òfin ní 60 ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti rọra tì jáde ní ọdún 50 sí 55, nígbà tọ́mọ ṣì wà ní yunifásítì. Ta ló máa tún gbà wọ́n síṣẹ́? Wọ́n á ra ìkòkò epo, wọ́n á dín adìẹ. Aládùúgbò wọn náà á dín in.

Oníbàárà tí kò jáde mọ́, fóònù ló fi ń pe adìẹ wá sílé, iléeṣẹ́ tó ń gbé e sì ní ìpín tiẹ̀. Baemin, tó tóbi jù nínú wọn, ń gba 9.8 nínú 100 won ní 2024, àfi ìgbà tí ìjọba dá sí i kí wọ́n tó gbà láti mú un wá sí àárín 2 àti 7.8, fún ọdún mẹ́ta. Iye ọjà tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ni wọ́n wò láti mọ èyí tó máa san. Owó ìgbọ́jàlọ ò sí nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san ìyẹn.

Ní Kkanbu ti Gangnam ní tiwọn, èrò ò wọ́n níbẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì tí Huang jókòó sí pé kẹ́nikẹ́ni má lò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀.