Ẹdùn Àrá Kò Bọ́ Láti Ojú Ọ̀run: Ọ̀rọ̀ Sí Gbogbo Ará Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgándò, Ìdímù àti Ìpájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, tí àrá sán tó mi ilé tìtì, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba àdúgbò kan: ẹdùn àrá ti bọ́. Wọ́n á ní Ṣàngó ló sọ ọ́ láti òkè, pé ó ti wọlẹ̀ lọ, àti pé Magbà, olórí àwọn abọ Ṣàngó, nìkan ló lè wú u jáde. Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́. Oníṣọ́ọ̀ṣì tí kò jẹ́ gbẹ́sẹ̀ dé ojúbọ Ṣàngó ń sọ ọ́, Mùsùlùmí tí kò jẹ́ fojú kan oṣé Ṣàngó ń sọ ọ́. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta tí à ń pè ní ẹdùn àrá kò ti ojú ọ̀run wá rí. Àáké ni. Èèyàn ló ṣá a, èèyàn ló lọ̀ ọ́, èèyàn ló fi gé igi kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin lò ní ilẹ̀ yìí.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: n kò bá Ṣàngó jà, n kò sì bá ẹni tó ń bọ ọ́ jà. Odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n gbé àwo ẹdùn àrá lé lórí, oṣé tí ọ̀gbẹ́nà fi igi gbẹ́, làbà aláwọ tí wọ́n fi ń gbé ẹdùn kiri, iṣẹ́ ọnà tó yẹ ká máa fi yangàn ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkúta bọ òrìṣà rẹ̀, kí ó máa bọ ọ́ lọ. Ìtàn tí a ń sọ nípa ibi tí òkúta náà ti wá ni mò ń bá jà, nítorí pé ìtàn yẹn ń ṣekú pa èèyàn. Màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ẹ mú ẹdùn àrá kan sọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì kú. Ẹnu yẹn ni wọ́n fi ń gé nǹkan, ìdí yẹn ni wọ́n ń kì bọ inú èèkù igi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ara rẹ̀ ń dán, bí ẹ bá sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn sí i dáadáa, ẹ lè rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ìlọ̀ fi sí i lára. Ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ya díẹ̀díẹ̀, nítorí pé igi líle ni wọ́n fi gé. Òkúta wo ni yóò ti ojú ọ̀run bọ̀, tí ẹnu rẹ̀ á ti kú nítorí iṣẹ́ kó tó kanlẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ṣe é náà kò fara sin. Ẹni tó fẹ́ ṣe àáké á wá òkúta líle, á fi òkúta mìíràn ṣá a títí yóò fi mú ìrísí àáké, á wá máa lọ̀ ọ́ lórí àpáta pẹ̀lú omi àti iyanrìn. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, iṣẹ́ onísùúrù sì ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ojú ìlọ̀ yẹn ṣì wà lára àpáta títí di òní.

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw, ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ lélẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ wa ilẹ̀ abẹ́ àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Ìwó Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá egungun èèyàn kan tó ti ju 11,000 ọdún lọ, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ òkúta kéékèèké. Nínú ilẹ̀ tó wà lókè, tó jẹ́ ti ìgbà tó tẹ̀lé e, wọ́n bá àfọ́kù ìkòkò, wọ́n sì bá àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ dán. Ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn dáadáa. Ibi tí àpáta bò lórí ni. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sá sí nígbà òjò. Báwo ni àrá ṣe máa la àpáta kọjá láìfọ́ ọ, kí ó wá tẹ́ ẹdùn sáàárín ìkòkò fífọ́? Àwọn àáké náà sì ti wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ìlú Ọ̀yọ́ tó dúró, kí Aláàfin kankan, títí kan Ṣàngó, tó gorí ìtẹ́.

Nígbà tí irin dé, a gbàgbé wọn. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, wọ́n ti ń yọ́ irin ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó ní àáké irin kò ní máa lọ òkúta mọ́. Ọmọ bí ọmọ, ìran ré kọjá, kò sí ẹni tó rántí mọ́ pé òkúta ni baba ńlá òun fi ń ṣán oko. Òjò ńlá á rọ̀, àgbàrá á wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, òkúta dídán á yọjú lójú oko ní ọjọ́ kejì tí àrá sán. Ẹni tó rí i rò ó já sí ohun tó mọ̀. N kò pè é ní òpùrọ́. Òjò ló ṣí i síta lóòótọ́. Kì í ṣe òjò ló gbé e wá.

Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́rìí. Iyanrìn àti amọ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Ìgándò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí àpáta líle kankan tó yọrí láti Ìkòtún dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ó di apá Abẹ́òkúta, níbi tí Olúmọ wà, ká tó rí irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wú ẹdùn àrá nínú ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ èèyàn ló gbé e dé ibẹ̀: ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ ìrìn-àjò.

Àrá ní òkúta tirẹ̀, kò sì jọ èyí rárá. Ooru mọ̀nàmọ́ná lè tó 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Bí ó bá wọ iyanrìn, á yọ́ ọ di gíláàsì: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú, tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, tó sì máa ń tètè ṣẹ́. Fulgurite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò dán lóde, kò ní ẹnu, kò lè gé ewé. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí àrá ṣe nínú iyanrìn Alímọ̀ṣọ́, òun ni kó máa wá.

Àwa nìkan kọ́ la sọ irú ìtàn yìí. Àwọn Akan ní Ghana ń pe irú àáké bẹ́ẹ̀ ní nyame akuma, wọ́n ní ti Ọlọ́run ni. Àwọn Fọ̀n ní orílẹ̀-èdè Benin gbé e fún Xevioso, òrìṣà àrá tiwọn. Àwọn òyìnbó náà gbà á gbọ́, ní tiwọn, ó tilẹ̀ lọ jìnnà jù. Ẹ̀dá òkun kan wà tó rí roboto, tí ẹ̀gún bò lára bí òòrẹ̀. Bí ó bá kú, tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun bò ó, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún á di òkúta, ẹ̀gún á ti re dànù, àmì ìràwọ̀ onígun márùn-ún á sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Denmark máa ń ṣa á lóko, wọ́n ní òkúta àrá ni. Wọ́n ń gbé e sójú fèrèsé kí àrá má baà jà wọlé, wọ́n ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì kí ó má baà kan. Ní Dunstable, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Worthington Smith wa ibojì àtijọ́ kan ní 1887, ó bá ìyá kan àti ọmọ, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ yí wọn ká. Ọmọ Denmark kan, Christian Blinkenberg, kó ìgbàgbọ́ wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ní 1911. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé abúlé kan á búra pé àáké ni òkúta àrá, abúlé mìíràn á búra pé ẹ̀dá òkun onígun márùn-ún yẹn ni. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ìkejì jẹ́ òkú ẹran omi. Ìbúra ẹnì kọ̀ọ̀kan le bákan náà, kò sì sí èyí tó ti òkè bọ́ nínú méjèèjì.

Irú ẹ̀dá òkun bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tiwa náà. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ òkun ni ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun ẹ̀dá omi ló sì kún inú rẹ̀. Nínú òkúta ìgbà kan náà ní Togo ni wọ́n ti rí èyí tó kéré púpọ̀ tí wọ́n sọ ní Togocyamus. Òkun ló gbé wọn síbẹ̀.

Kí ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ òkúta àrá náà nílẹ̀ òyìnbó? Michele Mercati, dókítà póòpù, tó kú ní 1593, ti kọ ọ́ pé irinṣẹ́ ni òkúta àrá. Wọn kò tẹ ìwé rẹ̀ jáde títí di 1717. Ní 1723, Antoine de Jussieu gbé àáké òkúta láti àwọn erékùṣù Caribbean àti Kánádà síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Àwọn èèyàn ọ̀hún ṣì ń fi tiwọn gé igi nígbà náà. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta àrá ilẹ̀ Faransé, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àwọn kan nínú wa á ṣì ní, "Ṣebí Magbà ló wú u níbi tí àrá jà?" Ẹni tó gbé làbà tó kún fún ẹdùn wá síbi iṣẹ́ kò lè ṣàì rí ẹdùn wú. Ẹ ní kí ó fi làbà sílẹ̀ lóde, kí ẹlòmíràn gbẹ́ ilẹ̀ náà lójú gbogbo èèyàn, ká wo ohun tí yóò jáde.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Bí mọ̀nàmọ́ná bá lu èèyàn, wọ́n á ní Ṣàngó ti mú ẹlẹ́bi, wọ́n á ní olè ni, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí Magbà yóò fi dé wú ẹdùn, kí ẹbí sì san ohun tí wọ́n bá bù fún wọn. Ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn lè má tíì kú! Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí mọ̀nàmọ́ná ń lù kì í kú. Ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ ló dúró, tàbí èémí rẹ̀. Kò sí iná kankan nínú ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ kò ní jó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ìyè àti ikú rẹ̀. A sì ń fi ìṣẹ́jú yẹn dúró de ẹni tí yóò wú òkúta. Ìkànìyàn 2006 ka àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ju mílíọ̀nù kan lọ, ọ̀pọ̀ wa sì ń tajà lójú títì, lábẹ́ igi àti agboòrùn. Ọmọ ta ni a fẹ́ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù?

Ìbínú mìíràn tún wà lọ́kàn mi. Ẹnì kan jókòó lẹ́bàá àpáta lọ́jọ́ pípẹ́, ó lọ òkúta títí ó fi mú, ó fi í gé igbó, ó fi í bọ́ ọmọ. Baba wa ni, tàbí ìyá wa. A gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, a gbé ògo rẹ̀ fún ìkùukùu.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí àrá bá ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ wọlé tàbí ẹ wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀. Bí ó bá lu ẹnì kan tí kò sì mí mọ́, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá, ó kéré tán ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dáwọ́ dúró, kí ẹlòmíràn sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìgándò. Bí ẹ bá sì wú àáké òkúta níbi tí ẹ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má rẹ ẹ́ sómi mu, ẹ má tà á fún ẹni tó ń pè é ní òkúta owó. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò náà sílẹ̀, ẹ kọ bí ibi tí ẹ ti rí i ṣe jìn tó, kí ẹ sì gbé e lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan ní Èkó.