Ta Ló Ń Ṣọ́ Ilé Tí Bàbá Fi Sílẹ̀?

Bí ẹ bá ń rìn kiri Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ó rí ògiri ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún oníjìbìtì. Àlejò a máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kì í rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnìkan ti lè gba owó lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ kí wọ́n tó ra ọ̀dà.

Ìgbà tí ilé bá wà láàárín onílé àná àti onílé ọ̀la ni ewu yìí pọ̀ jù. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ kò ì tíì pín ogún. Tàbí wọ́n ti ta ilé, ẹni tó rà á sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ì tíì rẹ́ni fi síbẹ̀. Olè ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù nírú àkókò yìí. Lóòótọ́ ni olè ń wá: wọn a fa wáyà iná yọ, wọn a gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga lọ. Ṣùgbọ́n owó lè ra ìyẹn padà. Àwọn ajagungbalẹ̀ àti ayédèrú onílé ló burú jù. Àwọn wọ̀nyí lè wá lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ àti ìwé lọ́wọ́. Koríko tó ti dé orúnkún ló ń pè wọ́n, àti bíìlì iná tó kó jọ sẹ́nu géètì, àti aládùúgbò tó dáhùn pé òun kò mọ ibi tí àwọn ọmọ bàbá wà.

Àdúrà dára, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má ra àgádágodo. Ẹ pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́. Láti ogún ọdún, ta ló mọ iye ẹni tó ní irú rẹ̀ lọ́wọ́: káfíńtà, ayálégbé tó ti kó lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá sùn fún oṣù mẹ́ta? Kí ẹ tó túká lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ mú ẹnìkan lọ bá ará ilé ọ̀tún àti tòsì, àti alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òun nìkan ló lè mú èèyàn wá wo ilé náà. Bí ẹ bá gba máígádì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ṣíṣọ́ ló wá ṣe, kì í ṣe ayálégbé. Kí ẹ sì sanwó fún un! Ẹni tí ẹ jẹ ní owó oṣù mẹ́fà, tó sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe yà sí i bí ó bá fi yàrá kan háyà.

Èyí tó ń dùn wá jù ló kù. Nínú àwọn ilé tó ṣófo yìí, ọ̀pọ̀ ni ẹnìkan ń gbé tẹ́lẹ̀: opó bàbá ni. Òkú kò ì tíì tutù tí àwọn ẹbí ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá, wọ́n ní dúkìá làwọn ń tọ́jú. Ẹni tó mọ ilẹ̀kùn tí kì í tì dáadáa, tó mọ ohùn gbogbo ará àdúgbò, òun ni wọ́n lé síta, wọ́n wá ń wá àjèjì tí wọn yóò sanwó fún. Ìwà ìkà ni, kò sì bọ́gbọ́n mu. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni wọ́n ṣe, tí bàbá kò sì ṣe ìwé ìhágún, òfin Èkó fún opó ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Kí ìyá máa gbé ilé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Ẹ tètè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lọ gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso dúkìá olóògbé. Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí lábẹ́ àṣà wa, títà tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí, òfo ni níwájú kọ́ọ̀tù. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí yòókù, kọ́ọ̀tù lè fagi lé e. Ní 2016, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo dúkìá: ẹni tó bá fi ipá gba ilé onílé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá bá àjèjì nínú ilé, ẹ má ṣe kó jàǹdùkú lọ bá a. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ lọ rí, kíákíá, nítorí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọdún 12 ní Èkó láìpè é lẹ́jọ́, ó lè má ṣeé ṣe fún yín mọ́ láti fi òfin gba ilé náà padà.

Ìwé ilé, ìwé àdéhùn, pílánù ilẹ̀, rìsíìtì tí bàbá tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó gbogbo wọn jáde kí ẹ tó ti géètì.