Owó Ajẹ́ǹtì Ilé: Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Ló Yẹ Kó Sanwó Iṣẹ́

Ẹni tó bá ń wá yàrá ní Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ̀ pé owó ilé nìkan kọ́ ni òun yóò san. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tó fẹ́ gbé nítòsí Akọkà, ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ní Bàrígà, gbogbo wọn ni yóò bá owó ajẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti di àṣà pé kí ajẹ́ǹtì gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kí àgírímẹ́ǹtì sì gba ìdá 10 mìíràn. Àwọn mìíràn a sì máa béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, ₦120,000 ni yóò gun orí rẹ̀ kí ayálégbé tó ra ẹní tí yóò sùn lé.

Ìjọba kò ṣàì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Òfin ológun kẹrìnlélógún ti ọdún 1975 ló dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn tó ń díyelé ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2011, lásìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà á àti ẹni tó bá san án ni òfin náà ká mọ́. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Ṣómólú àti Bàrígà. Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tó fẹ́ kí owó ajẹ́ǹtì má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Àbá náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì kan gbòǹgbò. Lórí ₦600,000, ìdá 5 jẹ́ ₦30,000, ìdajì ohun tí ìdá 10 ń mú wá. Bí owó ilé bá wá di ₦1,200,000, ìdá 5 náà á padà di ₦60,000. Lọ́pọ̀ ìgbà, ajẹ́ǹtì gan-an ló ń sọ fún onílé iye tí ilé rẹ̀ lè pa. Bí iye bá ṣe ń gòkè ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbàkúùgbà tí ayálégbé kan bá sì kó jáde, owó tuntun tún wọlé. Ẹni tí a fi díyelé ọjà kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí ọ̀wọ́n ọjà náà ń ṣe láǹfààní.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò ka iṣẹ́ alágbàtà sí èèwọ̀. Imam Bukhari ya orí kan sọ́tọ̀ fún owó iṣẹ́ wọn nínú àkójọ hadiisi rẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn onímímọ̀ bíi Ibn Sirin, Ata, Ibrahim àti Hasan pé wọn kò rí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn iṣẹ́ ní àwọn òpó tirẹ̀: kí iṣẹ́ di mímọ̀, kí owó rẹ̀ di mímọ̀, kí ìyọ́nú sì wà láàárín tọ̀tún-tòsì. Bí àgírímẹ́ǹtì bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tí lọ́yà kankan kò wò ó, iṣẹ́ wo ni ìdá 10 náà wà fún?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Onílé ló ń rán ajẹ́ǹtì, àṣẹ onílé ló sì ń tẹ̀lé, síbẹ̀ àpò ayálégbé ni owó ti ń jáde. Ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin ní ọdún 2015 pé ẹni tó gba ajẹ́ǹtì ni yóò sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ti ka owó ajẹ́ǹtì léèwọ̀ fún ayálégbé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019. Ìlú New York tẹ̀lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2025.

Àwọn kan yóò sọ pé onílé á kàn fi owó náà kún owó ilé ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n onílé lè yan ajẹ́ǹtì, ó lè dúnàá-dúrà, ó sì lè lé e lọ. Ẹni tí ń wá ibi sùn kò ní agbára kankan nínú wọn.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn aṣòfin Èkó fi ìlànà yìí kún àbá wọn. Kí Mùsùlùmí tó jẹ́ onílé sanwó ẹni tó rán níṣẹ́, láìdúró de òfin. Kí ọ̀dọ́ tó ń ṣe ajẹ́ǹtì ní Bàrígà sọ iye owó rẹ̀ kó tó mú èèyàn lọ wo yàrá, kó sì jáwọ́ nínú gbígba owó iṣẹ́ tí kò ṣe. Kí ayálégbé gba rìsíìtì fún gbogbo owó tó bá san. Kí Ọlọ́hun fi haláàlì tó wa, kó sì mú wa jìnnà sí èrè tó ń pa ọmọnìkejì lẹ́kún. Àmín.