Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, fóònù sí fóònù ṣì ń ṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ tí a dìbò yan àwọn aṣòfin, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Benin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó tún kàn wá. Ọwọ́ ènìyàn ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Lójú tiwa, kò yẹ kí oníṣòwò Ouando gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé mẹ́gà nìkan.

Fóònù méjì tó súnmọ́ra lè fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan á tan hotspot, èkejì á fi Wi-Fi so mọ́ ọn. Pẹ̀lú áàpù bíi Xender, àwòrán aṣọ tàbí fídíò á kọjá láìjẹ mẹ́gà. Bluetooth náà ń ṣe é, àmọ́ ó ń falẹ̀. Ẹ tètè gba áàpù náà sórí fóònù o. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, ẹpa ò bóró mọ́. Ẹ sì pa mẹ́gà yín kí ẹ tó tan hotspot, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó so mọ́ yín lè jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n kò lè lọ jìnnà: láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni. Oníbàárà tó wà ní Cotonou kò ní rí i. Ẹ pe ìyẹn lórí fóònù.