Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ṣí àpótí ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa wò lónìí yóò rò pé àwa olùkọ́ kò gbọ́ òwe yìí rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a là sínú àpótí náà, èyíinì ni ọ̀nà ìdánwò. Ìwé tí ìgbìmọ̀ ìdánwò bá yàn ni a ń rà. Èyí tí wọn kò bá yàn, a kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé tí àwọn òǹtẹ̀wé kékeré ń fi owó ara wọn tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ìtàn àròsọ, ìbáà ṣe ìtàn ìlú tàbí ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn, a kà wọ́n sí ohun ìṣeré. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá àṣà náà jà, èmi kò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, nítorí èmi pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ó jẹ̀bi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí ó fi ìwé ìṣirò bo ìwé ìtàn kan mọ́lẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni ó tẹ̀ ẹ́; èmi kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Mo gba ìwé náà, mo tì í mọ́ inú àpótí mi, mo sì wí fún ọmọ náà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni ó ń kà. Nígbà tí sáà parí, mo ṣí ìwé náà láti mọ ohun tí mo gbà. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, ọmọ náà kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní, gbèsè ni ó sì jẹ́ sí mi lọ́rùn.

Àwíjàre mẹ́ta ni àwa olùkọ́ máa ń wí. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni pé irọ́ ni ìtàn àròsọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa ọmọ onínàákúnàá, àti ará Samáríà tí ó ṣàánú, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi? Kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ wọn tàbí ilé tí wọ́n gbé, síbẹ̀ kò sí olùkọ́ kan tí ó pe òwe wọ̀nyí ní irọ́. D. O. Fágúnwà, tí ìwé rẹ̀ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938 láti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé C.M.S., olùkọ́ bí tiwa ni, ní ilé ẹ̀kọ́ Ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́?

Èkejì ni pé ìwé tí ó bá dára, ilé ìtẹ̀wé ńlá ni yóò tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó bá wà lọ́wọ́ àwọn ẹni kékeré, àjẹkù ni. Ìtàn ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, a sì fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé olókìkí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìwé náà sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án. Obadiah àbúrò rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn, ni ó kó àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún un kọ. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ sókè òkun, ogun dé, àwọn ará Jámánì sì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé e ní 1916. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, láti ọwọ́ ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó, nígbà tí Obadiah pẹ̀lú ti kú. Ìwé tí ó bá ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo láti gbà jáde, ewu ń bẹ lórí rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí gbogbo ìtàn tí Johnson gbà lẹ́nu àwọn arọ́kin parun nítorí àìbìkítà òǹtẹ̀wé kan.

Ní ìdà kejì, ẹ wo D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn. Ó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, ó sì ń tẹ ìwé ìròyìn *Yoruba News* láti 1924. Ní 1927 ó tẹ ìwé kìn-ín-ní lórí ọ̀rọ̀ àwọn akéwì. Ìkejì tẹ̀lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a sì dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà ní 1961, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ni ó gbé ewì Christopher Okigbo jáde ní 1962 àti eré mẹ́ta Wọlé Ṣóyínká ní 1963. Ní 1986 gbogbo ayé mọ orúkọ Ṣóyínká. Àwọn ẹni kékeré ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ní ayé tiwa yìí ńkọ́? *Season of Crimson Blossoms* tí Abubakar Adam Ibrahim kọ, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Èkó, Parrésia, ni ó tẹ̀ ẹ́ ní 2015. Ní 2016 ó gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ tí ó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ní 2017, ìwé ewì tí Ikeogu Oke kọ, tí Kraft Books tẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ó gba ẹ̀bùn kan náà. Cassava Republic, tí a dá sílẹ̀ ní Àbújá ní 2006, tẹ *Formation* jáde ní 2021, ìtàn bí Nàìjíríà ti di ọ̀kan. Ìtàn àròsọ kan, ewì kan, ìtàn ìlú kan: a kò lè pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní àjẹkù.

Èmi kò wí pé kí a fi gbogbo wọn lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Òmíràn ń bẹ tí ó jẹ́ ti àgbà. Olùkọ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á, kí ó sì yan èyí tí ó yẹ. Níhìn-ín gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé ìwé wọ̀nyí kò dára ni a fi ń kọ̀ wọ́n. Àwa fúnra wa ni kì í kàwé.

Ẹ̀kẹta ni pé ìwé wọn wọ́n, àṣìtẹ̀ a sì máa wà nínú òmíràn. Òtítọ́ ni èyí, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a ń ná láti tún ìwé yẹ̀ wò àti láti tò ó kò yàtọ̀, ìbáà ṣe 500 ni a fẹ́ tẹ̀, ìbáà ṣe 50,000. Ẹni tí ó tẹ 500, orí ìwọ̀nba ìwé náà ni yóò pín gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí. Bí àwa bá rà á, yóò tẹ púpọ̀ sí i, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bí a kò bá rà á, ọ̀wọ́n ni yóò máa jẹ́ títí òǹtẹ̀wé náà yóò fi ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí ó sì burú jù ni èyí. Olùkọ́ tí ó ní ìwé náà wọ́n, òun kan náà ni yóò ra ẹyọ kan, tí yóò fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ogójì, tí yóò tà á fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà yóò dúró níwájú wọn láti kọ́ wọn ní òfin kẹjọ! Ẹ̀yin ará, olè ni. Òǹkọ̀wé tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé, àti òǹtẹ̀wé tí ó yá owó tẹ̀ ẹ́, a ti jà wọ́n lólè nínú kíláàsì Bíbélì.

Kí ni kí a ṣe? Ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé méjì péré tí kò sí nínú ìwé ìdánwò: ìtàn àròsọ kan àti ìwé òtítọ́ kan, láti ọwọ́ òǹtẹ̀wé ilẹ̀ wa. Ní ọdún márùn-ún, ìwé ọgbọ̀n yóò ti wà nínú àpótí. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kà wọ́n kí àwọn ọmọ tó kà wọ́n. Kí a sì jáwọ́ nínú ẹ̀dà jíjí. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ yín bá bá ìwé ìtàn lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ìwé ìṣirò bò ó mọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí òun náà kà á.

Ní tèmi, mo ti fi ìwé ọmọkùnrin nì sí àpótí ìwé kíláàsì wa, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín. Ọmọ mọ́kànlá ti yá a kà. Bí olówó rẹ̀ bá gbọ́ èyí, kí ó wá gbà á, kí ó sì dárí jì mí.