Irin Láyà, Ebi Níkùn

Ẹ lè ti rí i nínú ilé kan: irin kékeré tí wọ́n so mọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tí bàbá àgbà tọ́jú sínú àpótí. Mẹ́dáyì ni. Faransé ló fi sí i láyà nítorí pé ó ṣe akin lójú ogun. Àwọn kan ní ẹ̀yẹ ńlá ni. Èmi ní kò tíì di ẹ̀yẹ. Ìlú tó bá fi irin sí akin láyà, tó tún fi ebi sí i níkùn, ó fi í ṣẹ̀sín ni.

Ní 1857 ni Faransé dá ẹgbẹ́ sójà kan sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n pè ní Tirailleurs Sénégalais. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Ọmọ Dàhòmì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà ogun 1914 sí 1918, nǹkan bí 200 000 ènìyàn ni wọ́n kó ní ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nǹkan bí 30 000 kò padà wálé. (Àwọn ará Ọ̀họ̀rí àti Kétu tó sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà kí wọ́n má bàa mú wọn, ẹ má pè wọ́n ní ojo. Ogun yẹn kì í ṣe tiwọn.)

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kejìlá 1959, Faransé ṣe òfin kan: sójà tí ìlú rẹ̀ bá gba òmìnira, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní í gòkè mọ́. Dàhòmì gba òmìnira ní 1960. Owó ọjà ń gòkè. Owó sójà tó wà ní Paris ń gòkè. Ti bàbá tó wà ní abúlé wa dúró sójú kan bí òkúta. Ogun kan náà ni, ọgbẹ́ kan náà, mẹ́dáyì kan náà. Ní 2001, ilé-ẹjọ́ ńlá kan ní Paris sọ pé kò tọ́. Síbẹ̀, ó di 2011 kí òfin tó mú owó gbogbo wọn dọ́gba. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ta ló kù láti gbà á?

Abdoulaye Ndiaye ará Sẹ̀nẹ̀gà ja ogun 1914. Ní 1998, Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó yẹ kí òun fún un ní Légion d'honneur. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n dá. Bàbá kú ní ọjọ́ 10.

Ti Thiaroye, nítòsí Dakar, burú ju èyí lọ. Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́wọ̀n àwọn Jámánì béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, ẹgbẹ́ ogun Faransé yìnbọn fún wọn. Ní 2024, Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà nínú wọn "kú fún Faransé". Ẹ gbọ́ nǹkan! Ìbọn Faransé ló pa wọ́n.

Ẹnì kan á ní: "Ẹ̀yẹ kì í ṣe owó. A kì í fi owó wọn akin." Ẹni tó yó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá yọ ọmọ yín nínú kànga, tó sì kán lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ṣé ẹ ó kàn pàtẹ́wọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn láìjẹun?

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí: ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà ti ní sójà tó ń kú. Ní oṣù kẹrin 2025, àwọn oníjàgídíjàgan pa sójà wa 54 ní àríwá. Mẹ́dáyì lórí pósí dára. N kò ní kí wọ́n má fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó ń mú un bọ̀ kọ́kọ́ sọ fún opó, lójú gbogbo ènìyàn, iye tí wọn ó máa san fún un, ọjọ́ tí wọn ó máa san án, àti ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ náà.